Orúkọ Tí Omi Jẹ

Orúkọ ìyàwó ló pòórá lórí ibojì ọkọ.

Gbogbo ìyókù ṣì wà níbẹ̀. "Díákónì Kọ́ládé Adégbọlá" ṣì ń dán lókè òkúta mábù pẹlẹbẹ tó bo ibojì náà. Ẹsẹ Bíbélì tó tẹ̀ lé e kò yẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlà ìkẹyìn, níbi tí wọ́n fín "Ọkọ Ọládùnní" sí, ti jẹ wọlé, ó ń yọ̀ bí ibi tí màlúù ti ń lá iyọ̀.

Inspẹ́kítọ̀ Wosilat bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka tọ́ ojú ibẹ̀. Ibi ìsìnkú àwọn Onítẹ̀bọmi ni wọ́n wà, lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ míṣọ́nnárì kan ní Ìwó. Orin àárọ̀ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń bọ̀ láti òdì kejì ògiri.

"Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, mo ka orúkọ mi níbẹ̀," ni Màmá Ọládùnní wí. Òun ni opó olóògbé. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ girama ni kó tó fẹ̀yìntì, ó sì ṣì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí gbogbo kíláàsì ń gbọ́. "Kò sí ohun tó ṣe é. Lánàá ni mo dé, mo bá a báyìí. Ásíìdì ni obìnrin yẹn dà sí i."

"Obìnrin wo, ma?"

"Joy. Ta tún ni?"

Kò sí ẹni tí kò mọ ìtàn náà nínú ìjọ. Kí Kọ́ládé tó fẹ́ Ọládùnní, Joy ló kọ́kọ́ mú lọ sílé fún àwọn òbí rẹ̀. Àdéhùn náà fọ́. Joy kò lọ́kọ títí dòní. Ó gboyè dókítà nínú ìmọ̀ kẹ́mísìrì, ó ń kọ́ni ní yunifásítì aládàáni kan nílùú náà. Lánàá, wọ́n rí mọ́tò rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ibi ìsìnkú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ọ̀dọ́ ẹbí olóògbé ti fọ́ gíláàsì iwájú mọ́tò náà, wọ́n sì ti wọ́ obìnrin náà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

"Ẹ wo ohun tí owú ń fini ṣe," ni Nehemiah, àbúrò olóògbé, sọ. Ó ga, ojú rẹ̀ pọ́n. "Ẹni tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ! Bí wọ́n bá dá a sílẹ̀, kò ní lè gbé Ìwó yìí mọ́."

Ìkòkò òdòdó kan ni Wosilat ń wò. Ó wà lórí òkúta náà, lókè ìlà tó pòórá gan-an. Ewé rẹ̀ tutù, ó pọ̀, ó fà wálẹ̀ bo ojú ibẹ̀ débi pé Wosilat ní láti fi ọwọ́ gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó rí ohun tí wọ́n pè é wá wò.

"Ta ló gbé ìkòkò yìí wá?"

"Èmi ò mọ̀," ni Màmá Ọládùnní yára dáhùn.

"Ha, ìyàwó wa!" ni Nehemiah wí. "Joy náà ni! Gbogbo ìjọ ló rí i lọ́jọ́ tó gbé e wá."

Màmá Ọládùnní yí ojú kúrò. Wosilat rí i.

*

Nínú àgọ́ ọlọ́pàá, Dókítà Joy jókòó ṣánṣán bí ẹni tó ń dúró de ìpàdé. Ó wọ aṣọ àná. Sájẹ́ǹtì Abdulqowiyy fún un lómi, kò mu ún.

"Ẹ kú ìfaradà, ma," ni Wosilat wí. "Ṣé ẹ̀yin lẹ gbé òdòdó sórí ibojì náà?"

"Èmi ni."

"Ṣé ẹ ní ásíìdì lọ́wọ́?"

"Yàrá ìwádìí mi kún fún un. Bí mo bá fẹ́ pa orúkọ rẹ́ lára mábù, kí n tó fọ ọwọ́ mi tán ni ó ti parẹ́. Gbogbo òkúta náà ni ìbá sì bà jẹ́. Mi ò jẹ́ ba òkúta Kọ́ládé jẹ́."

"Ṣé ẹ ń jowú ìyàwó rẹ̀?"

Abdulqowiyy gbójú sókè. Joy kò bínú.

"Lójoojúmọ́," ló wí. "Mo jowú rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣègbéyàwó. Mo jowú rẹ̀ nígbà tó lóyún. Nígbà tí Kọ́ládé kú, tí wọ́n ní kí opó bọ́ síwájú, mo jowú rẹ̀ títí kan aṣọ dúdú tó wọ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, Inspẹ́kítọ̀. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá ń jowú ló ń da ásíìdì."

"Ẹ lọ síbẹ̀ lánàá."

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìlọrin dé lọ́sẹ̀ tó kọjá ni. Yunifásítì kan níbẹ̀ ló gbà mí fún ìwádìí. Kí òjò ọdún yìí tó bẹ̀rẹ̀ ni mo ti lọ, mi ò sì wálé rárá láàárín ìgbà náà. Mo kàn fẹ́ kí i." Ó mi orí. "Ẹnu yà mí láti bá òdòdó mi láàyè. Mo rò pé á ti kú. Ewé yẹn kì í pẹ́ gbẹ, ó sì ti pẹ́ tí òjò ti dá. Ta ló ń bomi rin ín?"

Wosilat jáde síta, ó dúró lábẹ́ igi, ó ń rò ó. Kí ó tó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá, ìmọ̀ nípa òkúta ló kà ní yunifásítì, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀gá rẹ̀ fi fa ọ̀rọ̀ náà lé e lọ́wọ́. Ọ̀gá rò pé á mú ásíìdì jáde, á sì parí ẹ̀. Àmọ́ ìbéèrè Joy ló kọ̀ tí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.

*

Sájẹ́ǹtì Abdulqowiyy ní tirẹ̀ ti rí ọ̀daràn.

"Nehemiah ni, mádáàmù! Ṣọ́ọ̀bù bátìrì ló ní lójú ọ̀nà Kuta. Ásíìdì wà níbẹ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì. Òun àti opó náà sì ti ń fa ọ̀rọ̀ ilé olóògbé láti ìgbà tí wọ́n ti sin ín."

Wọ́n gbé mọ́tò lọ síbẹ̀. Kí wọ́n tó lọ, Wosilat yà sọ́dọ̀ ẹni tó ṣe ibojì náà, ó gba àfọ́kù mábù tó ṣẹ́ kù lára rẹ̀. Nehemiah ń fi waya so bátìrì mọ́ra nígbà tí wọ́n dé. Bó ṣe rí wọn, ó jọ̀wọ́ waya.

"Ẹ fi ásíìdì yín sórí òkúta yìí fún mi, sà," ni Wosilat wí.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Òógùn bò ó lójijì. "Ṣé èmi lẹ wá mú? Ibojì ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ẹ kán an sí i."

Ó kán an sí i. Òkúta náà hó yaya, ìfófòó bo ojú rẹ̀. Nígbà tó rọlẹ̀, nǹkan funfun kan ti gan mọ́ ọn bí ẹ̀fun, ojú rẹ̀ sì rí ṣákáṣàka. Wosilat fi omi fọ̀ ọ́, ó tún fọ̀ ọ́. Kò kúrò.

"Kì í ṣe èyí," ló sọ fún Abdulqowiyy. "Ti ibojì ń yọ̀, kò ní èérún funfun kankan."

Nehemiah mí kanlẹ̀. Bí ìbẹ̀rù ṣe kúrò lójú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tú jáde lẹ́nu rẹ̀. "Ṣé mo wí fún yín! Èmi àti ìyàwó wa lè máa jà lórí ilé, àmọ́ obìnrin tó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀ ni. Àràárọ̀ ló ń lọ jókòó ti ibojì yẹn, á gbé àga kékeré rẹ̀ sábẹ́ igi, á máa gbàdúrà títí oòrùn á fi mú. Òun gan-an ló ń tọ́jú ibẹ̀, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a fọ̀ ọ́."

"Òun ló ń fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀?"

"Òun nìkan."

Wosilat ní kí wọ́n padà sí ibi ìsìnkú.

*

Ó mú awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá jáde, ó dojú bolẹ̀ lórí òkúta náà, orúnkún rẹ̀ wọ ilẹ̀ pupa. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó gbé orí sókè, ó fa awò náà fún Abdulqowiyy.

"Wò ó. Kí lo rí?"

"Kòtò, mádáàmù. Kéékèèké. Wọ́n kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Wọ́n... wọ́n dà bí ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ inú omi. Gbogbo wọn ló ní ìrù."

"Ìrù wọn kọjú síbo?"

"Apá òsì. Gbogbo wọn."

Wosilat kán omi mímu rẹ̀ sórí òkúta náà. Ilẹ̀ ti rì díẹ̀ lábẹ́ apá òsì ibojì náà, ẹ̀kán omi náà sì yọ́ lọ láti ọ̀tún sí òsì, ó gba orí ìlà ìkẹyìn bí ẹni ń ka ìwé sẹ́yìn, ó dé etí òkúta, ó já bọ́.

"Omi tó ní kíkan nínú dà bí ẹni tí ebi ń pa," ló wí. "Ibi tó bá ti kọ́kọ́ kan òkúta, á jẹun níbẹ̀ dáadáa. Bó bá ṣe ń lọ síwájú, ó ń yó. Ìgbà tó bá fi máa dé ìpẹ̀kun, kò lè jẹ mọ́. Ọwọ́ ọ̀tún ni ibi tó jìn jù, níbi tí 'Ọládùnní' wà. Lọ́wọ́ òsì, o ṣì lè fi ìka mọ 'Ọkọ', bó o bá pa ojú dé."

Abdulqowiyy pa ojú dé, ó fi ìka wá a. "Lóòótọ́ ni!"

"Nítorí náà, kò wá láti inú ìkòkò òdòdó. Òkè ni ìkòkò wà, apá ọ̀tún ni omi ti wá. Bó bá sì jẹ́ inú ìkòkò ni omi kíkan gbà, òdòdó ìbá ti kú."

"Àmọ́ ṣé kò lè jẹ́ pé wọ́n kàn da nǹkan náà sí i lẹ́ẹ̀kan, mádáàmù?"

"Èyí tí wọ́n bá dà lẹ́ẹ̀kan á tàn káàkiri. Á jẹ ẹsẹ Bíbélì, á pa dídán òkúta yíká. Wò ó, etí kòtò yìí ṣì ń dán." Ó fi èékánná tọ́ ọ. "Nǹkan mìíràn tún wà. Omi tó ń ṣàn lórí òkúta, ti òkè ló ń sáré. Èyí tó lẹ̀ mọ́ ara òkúta gan-an, tó fẹ́lẹ́ ju èèpo àlùbọ́sà lọ, kì í fẹ́ kúrò lójú kan. Ohun tí òkúta bá tú sílẹ̀ ní láti la inú èèpo omi yẹn kọjá kí ìṣàn tó gbé e lọ. Bí omi bá dúró, èèpo yẹn á yó, jíjẹ á dáwọ́ dúró. Bí omi bá ń ṣàn, bó ti wù kó kéré tó, kò ní yó láé. Ìdí nìyẹn tí adágún fi lè yí òkúta ká kó má ṣe é ní nǹkan kan, tí ẹ̀kán omi tí kò dáwọ́ dúró á sì lu ú jáde. Ìrù kòtò wọ̀nyí sọ fún mi pé omi tín-ín-rín kan ló ń gba ibí kọjá, ojú kan náà, ìwọ̀n kan náà, fún ọ̀pọ̀ oṣù."

"Ọ̀pọ̀ oṣù!" Abdulqowiyy dìde. "Ìlọrin ni Dókítà wà nígbà yẹn."

"Ẹni tó sì ní òun ka orúkọ òun níbí lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá ńkọ́?"

Sájẹ́ǹtì wo òkúta náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Igi tí òdòdó rẹ̀ funfun wà lápá ọ̀tún ibojì, ẹ̀ka rẹ̀ kan fà bò ó. Wosilat gbé ọwọ́ sókè, ó rí ibi tí okùn ti ha èèpo igi náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn ewé gbígbẹ tó wà nísàlẹ̀. Abdulqowiyy ló rí i: kẹ̀kẹ́ ike funfun bíńtín kan nínú àpò rẹ̀, irú èyí tí nọ́ọ̀sì máa ń yí lórí okùn rọ́bà nígbà tí wọ́n bá ń fa omi sí aláìsàn lára, kí omi má bàa yára jù.

*

Màmá Ọládùnní gbé omi àti bisikíìtì fún un. Wosilat kúnlẹ̀ kí i kó tó jókòó. Sájẹ́ǹtì dúró síta.

"Ṣé Joy ti jẹ́wọ́?"

"Mọ̀mí, inú ilé yìí ni Dádì ti ṣàìsàn, àbí?"

"Yàrá yẹn ni." Ó fi àgbọ̀n tọ́ka. Ìṣó gígùn kan wà lára ògiri lókè ibùsùn. "Nọ́ọ̀sì máa ń wá fa omi sí i lára. Nígbà tó yá, wọ́n kọ́ èmi náà bí mo ṣe máa dín in kù."

Wosilat gbé kẹ̀kẹ́ ike náà lé orí tábìlì.

Ìyá náà wò ó pẹ́. Ohùn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ti kúrò lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Mo wá a títí, mi ò rí i."

"Kí lẹ fi sínú ike omi náà, ma?"

"Ọtí kíkan. Fínígà tí mo fi ń ṣe sàláàdì, mo bu omi là á. Bí mo bá jókòó tán, màá so ó sáàárín ewé. Bí mo bá ń lọ, màá gbé e sínú báàgì. Wọ́n rò pé àdúrà ni mò ń gbà." Ó rẹ́rìn-ín kíkorò. "Bí mo bá gbé òòlù, ariwo rẹ̀ á gba àdúgbò. Omi kì í pariwo."

"Ẹ sì ń bomi rin òdòdó Dókítà Joy."

"Kí ewé rẹ̀ lè bo ibẹ̀. Ẹ wo ayé mi, Inspẹ́kítọ̀. Èmi, Ọládùnní, mo ń pọnmi fún òdòdó Joy."

Wosilat mọ owú. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti gbé Sodiqat wọlé gẹ́gẹ́ bí ìyàwó kejì, ó ti mọ bó ṣe ń rí kéèyàn máa gbọ́ ẹ̀rín láti yàrá kejì, kó má sì mọ ohun tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ orúkọ tiyín, ma? Ká ní orúkọ tirẹ̀ ló wà níbẹ̀, ó máa yé mi."

Ìyá náà gbé kẹ̀kẹ́ ike náà, ó ń yí i pẹ̀lú àtàǹpàkò.

"Mo dì í lọ́wọ́ mú. Omi ń kán sí i lára, mo ń wo bó ṣe ń kán. Ó la ojú, ó wò mí dáadáa. Ó ní, 'Joy.' Mo ní, 'Dádì, Ọládùnní ni o.' Ó rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí mi ò tíì rí lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó ní, 'Joy, o mà pẹ́.' Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kú." Ó gbé kẹ̀kẹ́ náà sílẹ̀. "Láti ìgbà tó ti fẹ́ mi ló ti ń wọ̀nà. Èmi ni mo wá ní kí wọ́n fín 'Ọkọ Ọládùnní' sára òkúta. Ẹ sọ fún mi, irọ́ kọ́ nìyẹn?"

"Ẹ sì purọ́ mọ́ ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀."

"Mi ò ní in lọ́kàn níbẹ̀rẹ̀. Irọ́ orí òkúta nìkan ni mo fẹ́ pa rẹ́. Àmọ́ nígbà tí wọ́n sọ fún mi pé ó ti dé, pé ilé Kọ́ládé ló yà sí..." Ó bo ẹnu. "Ẹ gbọ́, Inspẹ́kítọ̀. Mo bá a níbẹ̀ lánàá, ó pe ibojì náà ní *ilé Kọ́ládé* lójú mi."

Wosilat dìde. "Ẹ wọ bàtà yín, ma. A ní láti lọ tún ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ sílẹ̀ kọ."

*

Ọ̀gá ọlọ́pàá bínú, ó ní òun á gbé ìyá náà lọ sílé ẹjọ́ fún irọ́ tó pa fún ọlọ́pàá. Wọ́n ránṣẹ́ pe Nehemiah kó wá tún gíláàsì mọ́tò Joy tí àwọn ọ̀dọ́ ẹbí rẹ̀ fọ́ ṣe. Ó dé, kò lè wo ojú ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìdúró ló dúró sẹ́nu ọ̀nà, tó ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́.

Wọ́n mú Dókítà Joy jáde. Ó rí Màmá Ọládùnní lórí bẹ́ǹṣì. Àwọn obìnrin méjèèjì wo ara wọn.

"Òun ló pa á rẹ́?" ni Joy béèrè.

"Òun ni, ma," ni Wosilat wí. "Ẹ lè pè é lẹ́jọ́. Ẹ̀tọ́ yín ni."

"Orúkọ ara rẹ̀? Kí ló dé?"

Ìyá orí bẹ́ǹṣì ló dáhùn, kò gbé ojú sókè.

"Orúkọ rẹ ló pè nígbà tó fẹ́ kú."

Joy fi ọwọ́ di ògiri mú. Wosilat ń dúró de igbe tàbí èébú. Kò rí méjèèjì. Ohun tó rí lójú obìnrin náà bà á lẹ́rù: ojú ẹni tí òùngbẹ ti ń gbẹ tipẹ́tipẹ́, tó wá gbọ́ ìró omi. Joy gbàgbé ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n fi kàn án. Ó gbàgbé gíláàsì mọ́tò. Ó rìn lọ bá ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ di ẹlẹ́wọ̀n, ó sì kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì.

"Kí ló sọ?"

Màmá Ọládùnní ń wo bàtà rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ma. Mi ò ní pè yín lẹ́jọ́. Màá bẹ ọ̀gá kí wọ́n fi yín sílẹ̀. Ẹ ṣáà sọ ohun tó sọ fún mi. Ṣé orúkọ nìkan ni? Ṣé ó fi ọ̀rọ̀ kan tì í?"

Ìgbà yìí ni opó náà gbé orí sókè. Ó wo obìnrin tó kúnlẹ̀ náà láti òkè délẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ nà ṣánṣán lórí bẹ́ǹṣì, ohùn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ sì padà sí i lẹ́nu.

"Èmi ni mo wà níbẹ̀," ló wí. "Èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹ gbé mi lọ sílé ẹjọ́."

Joy yíjú sí Wosilat. "Inspẹ́kítọ̀, ó sọ ọ́ fún yín. Mo rí i lójú yín."

Wosilat wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu rẹ̀, kò wúwo, kò gùn.

"Mi ò gbọ́ ọ dáadáa, Dókítà," ló wí, ó sì ṣílẹ̀kùn fún un kó máa lọ sílé.